A Kò Ní Mánéèjì Rẹ̀

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ tí ó ń jẹ gàba lẹ́nu àwa ará Ìbàdàn lóde òní, kí ó jáde nílé ní Jẹ́ríkò lówùúrọ̀, kí ó wọ takisí Máíkírà lọ sí Dùgbẹ̀, kí ó sì la etí rẹ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ yóò kó ènìyàn mẹ́rin sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ààyè ẹni mẹ́ta wà, yóò há ẹni méjì mọ́ra níwájú, yóò sì wí pé, "Ẹ mánéèjì ẹ̀." Bí ó bá dé ọjà, tí ẹni tí ó tajà fún un kò bá ní ṣéńjì, súìtì méjì ni yóò nà sí i dípò owó: "Ẹ mánéèjì ẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Bí ó bá pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó bi í léèrè àlàáfíà, ohun tí yóò gbọ́ ni "À ń mánéèjì." Akẹ́kọ̀ọ́ mánéèjì ìdánwò, aláìsàn ń mánéèjì àìsàn, aya ń mánéèjì ọkọ, gbogbo àdúgbò sì ń mánéèjì iná mànàmáná tí kò sí.

Mo fẹ́ sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń ṣe wá ní jàǹbá. Kì í ṣe nítorí pé Òyìnbó ni ó ni ín. Èdè tí ó bá ń mí ni ó ń yá ọ̀rọ̀ lò. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gba àlùbọ́sà àti wàhálà. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gba táyà, bíríkì àti ṣọ́ọ̀ṣì. Inú kò run ẹnikẹ́ni nítorí wọn, nítorí ohun tuntun ni ó dé tí orúkọ rẹ̀ sì bá a dé. Ṣùgbọ́n ohun tuntun wo ni mánéèjì gbé wá? Ó bá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó mọ iṣẹ́ wọn níṣẹ́ nínú ilé, ó sì ń lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan a máa ṣún un ná. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti rí ìṣúná. Ẹni tí ìyà ń jẹ tí kò juwọ́ sílẹ̀ a máa rọ́jú, a máa fara dà á, a máa forí tì í. Ẹni tí ó bá oníwàhálà gbé a máa mú un mọ́ra, a sì máa fi ọgbọ́n bá a lò. Oúnjẹ tí kò tó, a ó ní kí àlejò fi panu ná. Aṣọ tí ó ti gbó, a ó ní kí ọmọ ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Ìdánwò tí ó le, agbára káká ni a fi ń yege nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá tí a fi lé ènìyàn lọ́wọ́, ó ní láti bójú tó o, kí ó darí rẹ̀, kí ó sì ṣàkóso rẹ̀. Ẹ wo bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti ń bí ọmọ: ìrọ́jú, ìfaradà, ìforítì, àmúmọ́ra, àbójútó, olùdarí. Mánéèjì kò bí ọmọ kankan fún wa. Àgàn ni, ó sì fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ ọlọ́mọ.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀ràn èdè nìkan ni, n kò ní pariwo tó báyìí. Ohun tí ó ká mi lára jùlọ ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń fi pa mọ́. Yorùbá ní bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ ṣàkíyèsí "bí" tí ó bẹ̀rẹ̀ òwe náà. A ti wá àdán, a kò rí i, ni òòbẹ̀ fi wọlé. Nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa fi ń gba àìtó mọ́ra, ìdí máa ń wà, ààlà sì máa ń wà. "Fi panu ná" ń sọ pé oúnjẹ gidi ń bọ̀. "Ṣì máa lò ó" ń sọ pé òmíràn ń bọ̀. "Ẹ rọ́jú" sì ní ẹ̀bẹ̀ nínú: ẹni tí ó sọ ọ́ ti gbà pé ìnira wà, ó sì ń bá ẹni tí ó wà nínú ìnira kẹ́dùn. Ìdí nìyí tí a fi ń kí ara wa pé "Ẹ kú ìrọ́jú." Ẹni tí ó ní "Ẹ mánéèjì ẹ̀" kò bẹ̀bẹ̀, kò dá ọjọ́, kò sì sọ ẹni tí ó fa àìtó náà. Àdán lè wà nínú àpò rẹ̀ kí ó máa na òòbẹ̀ sí ọ.

Ìtàn ọ̀rọ̀ náà alára pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Inú èdè Itálíà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ọwọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ẹṣin ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń lò ó fún: kí ẹlẹ́ṣin di ìjánu mú, kí ó darí ẹṣin síbi tí ó wù ú. Láti orí ẹṣin ni ó ti dé orí ilé àti òwò. Nígbà tí UAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1929, ń bá wa ṣòwò kòkó, àwọn baba wa mọ ẹni tí ń jẹ́ mánéjà: òun ni ó lè gbà, òun ni ó sì lè kọ̀. Lónìí, mánéjà wà lókè pẹ̀lú agbára rẹ̀, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n sì ń sọ fún pé kí ó mánéèjì. Ẹni tí iṣẹ́ àbójútó wà lọ́rùn rẹ̀ gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e ru ẹni tí kò ní ìjánu lọ́wọ́.

Ẹni tí ó bá ti dàgbà nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a ń pè ní SAP kalẹ̀ ní 1986 yóò rántí iye ohun tí a ní kí a fara mọ́. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, ọ̀rọ̀ kan náà ni a tún gbé jáde. Ó ti di àdúrà, ó ti di ìdáhùn àdúrà.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń sọ àsọdùn, kí ó gbọ́ èyí. Mo gbé ìwé kan lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú tí ó jìnnà sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún àyẹ̀wò, gbogbo àmì ohùn ti pòórá. Mo bèèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin olóòtú náà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jẹ́ ká mánéèjì ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kà á máa mọ̀ ọ́n." Ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Bí a bá yọ àmì kúrò, ṣé igba tí a ń kà lówó ni, tàbí igbá tí a fi ń bu omi, tàbí ìgbà tí ń kọjá lọ, tàbí igbà tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ? Láti ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní 1875 títí dé ìlànà àkọtọ́ 1974, ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi jà kí àkọsílẹ̀ Yorùbá lè ṣe é kà láìṣiyèméjì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọmọ náà fi fagi lé e. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó fẹ́ kọ́ èdè ìyá rẹ̀ ni yóò ru ẹrù tí ilé ìtẹ̀wé kọ̀ láti gbé.

Mo gbọ́ àwọn tí yóò wí pé, "Bí a kò bá pè é ní mánéèjì, ṣé iná yóò dé ni?" Rárá, iná kò ní dé. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ní láti sọ ní Yorùbá pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọ́jú, ẹ bá mi há ara yín mọ́ ọn," ó ti jẹ́wọ́ pé ààyè kò tó. Ẹni tí a bẹ̀ lè gbà, ó sì lè kọ̀. Mánéèjì kò fún ènìyàn ní ààyè àtikọ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀ ti di agbéraga, ẹni tí kò mọ bí nǹkan ti rí nílùú. Àwọn mìíràn yóò ní ìfaradà ni ìwà ọmọlúàbí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìfaradà ni ohun tí ènìyàn fi ara rẹ̀ ṣe. Kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó jẹ ọ́ ní gbèsè yóò pa láṣẹ fún ọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin oníròyìn orí rédíò kò pọ̀. Ẹ dá àwọn ọ̀rọ̀ wa padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń rọ́jú, kí a sọ pé ó ń rọ́jú. Ẹni tí wọ́n bá sì rẹ́ jẹ, kí a sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún wí fún yín pé kí ẹ mánéèjì rẹ̀, ẹ fi ìbéèrè méjì dá a lóhùn: Títí di ìgbà wo? Iṣẹ́ ta ni láti tún un ṣe?