Àárín Kọ̀ Ọ́, Etí Gbà Á

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan òṣùwọ̀n ọjà yín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú iyàrá àyẹ̀wò àwọn onímọ̀ ni ó ti jáde wá.

Ẹ mọ̀ pé irin tí a fi ń lọ aṣọ a máa gbóná bí iná mànàmáná bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọn wóróbo tí ń ru iná náà, a máa kọlu nǹkan lọ́nà, wọn a sì máa ta padà bí èrò ọjà tí ó kún. Èyí ni a ń pè ní ìdènà iná.

Ní oṣù kejì ọdún 1980, ọmọ Jámánì kan, Klaus von Klitzing, wà ní ìlú Grenoble ní ilẹ̀ Faransé. Ó mú sílíkọ́nì pẹlẹbẹ kan, ó fi í sínú òtútù tí ó lé ní ìwọ̀n 270 sí ìsàlẹ̀ òdo, ó sì gbé e sábẹ́ òòfà alágbára. Nígbà tí ó wọn ìdènà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà díẹ̀díẹ̀. Bí àtẹ̀gùn ni ó ṣe ń lọ. Ohm 25,812.8 ni, tí a fi 2, tàbí 3, tàbí 4 pín. Ìbáà jẹ́ pẹlẹbẹ ńlá tàbí kékeré, ìbáà ní àbùkù díẹ̀, nọ́ńbà náà kò yẹ̀.

Níbo wá ni iná náà ń gbà? Ní àárín, òòfà a máa yí àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù po lójú kan bí òkòtó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní etí kò ráyè yí po tán. Wọn a kan ògiri, wọn a tún ta síwájú. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá etí lọ, síhà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá pàdé ìdọ̀tí, wọn a yà fún un, nítorí kò sí ọ̀nà àbọ̀.

Ní 1982, David Thouless àti àwọn mẹ́ta mìíràn ṣàlàyé ìdí rẹ̀: nọ́ńbà kíkà ni, bí iye ihò. Nígbà tí a fún Thouless, Duncan Haldane àti Michael Kosterlitz ní ẹ̀bùn Nobel ní 2016, Thors Hans Hansson gbé búrẹ́dì wá ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn: ọ̀kan kò níhò, ọ̀kan oníhò kan, ọ̀kan oníhò méjì. Ẹ lè tẹ búrẹ́dì, ẹ lè fà á gùn, ṣùgbọ́n ta ni ó rí ìdajì ihò rí? Nínú pẹlẹbẹ náà, iye yìí lè jẹ́ 1. Ní òde, òdo ni. Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí ọ̀kan ti ń di èkejì, etí sì ni ibẹ̀. Nítorí náà ni ọ̀nà fi ṣí níbẹ̀. Bí ẹ bá gé e sí méjì, etí tuntun náà a di ọ̀nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ń fi kóńgò wọn ìrẹsì, ẹ mọ̀ pé a lè lu ìdí kóńgò wọnú. Kílógíráàmù pàápàá, títí di 2019, òkúta irin kan tí ó wà ní Sèvres lẹ́bàá Paris ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fi í wé àwọn ẹ̀dà rẹ̀, wọn kò dọ́gba mọ́. Láti 20 oṣù karùn-ún ọdún náà, nọ́ńbà tí kì í yí padà ni ó dì í mú. Nínú ẹ̀rọ tí ń fi agbára iná wọn ìwúwo, nọ́ńbà von Klitzing wà lára ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Òṣùwọ̀n ti dúró ṣinṣin. Ó ku ọwọ́ tí ń wọ̀n ọ́n.