Àlejò bí Òkété: Èdè Wo Ni À Ń Fi Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Òkè Òkun?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ìtumọ̀ òwe yìí kò ṣòro: ohun tí ẹnu àlejò lè jẹ ni kí onílé gbé ka iwájú rẹ̀. Bí a bá gbé àkàrà òyìnbó fún òkété, bí ó ti wù kí àwo rẹ̀ lẹ́wà tó, ebi ni yóò pa òkété sùn. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi yẹ ìwà àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá wò, sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàṣípààrọ̀ tí wọ́n ń ti òkè òkun wá sí Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ nítorí èdè wa.

Ó ti pẹ́ tí irú wọn ti ń wá. Yunifásítì Wisconsin àti ti Florida ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ láti ilẹ̀ wa pàápàá ti tipasẹ̀ ètò Fulbright lọ kọ́ni ní Yorùbá lọ́hùn-ún. Nítorí náà, kì í ṣe òpè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò wọ̀nyí nígbà tí wọ́n bá dé. Wọ́n ti mọ ìyàtọ̀ láàárín "o" àti "ẹ" nígbà tí a bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Wọ́n ti mọ àmì ohùn lórí ìwé. Wọ́n ti há ìkíni sórí: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìnáwó. Ohun tí ó kù ni etí àti ẹnu, kò sì sí ẹni tí ó lè di ìyẹn sínú àpótí wá láti ilé. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti retí láti rí i.

Kí wá ni wọ́n ń rí? Ẹ jẹ́ kí a tọ ipasẹ̀ irú àlejò bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó lọ forúkọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí akọ̀wé, "Ẹ káàárọ̀, mà." Gẹ̀ẹ́sì ni akọ̀wé fi dá a lóhùn. Ó lọ ra búrẹ́dì lẹ́nu ọ̀nà, ó bi ìyá oníbúrẹ́dì pé, "Èló ni, mà?" Ìyá rẹ́rìn-ín, ó pè é ní òyìnbó, ó sì fi àdàlù Gẹ̀ẹ́sì ka iye rẹ̀ fún un. Ó padà sí yàrá rẹ̀. Ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, Yorùbá gan-an sì ni onítọ̀hún ń kọ́ ní yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń bá àlejò sọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá kanlẹ̀kùn, Yorùbá bẹ̀rẹ̀, à-sọ-ì-dákẹ́. Bí ó bá tún kọjú sí àlejò, Gẹ̀ẹ́sì dé. Bí iná bá lọ ní alẹ́, àlejò gbé fóònù rẹ̀, ó pe ilé, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn fún ìyá rẹ̀ pé òun wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Àgbà ní a kì í gbé ẹ̀bá odò kí a fi itọ́ sanwọ́. Àwa ni a ń fún àlejò wa ní itọ́ yìí létí odò tí ó ti ilé rẹ̀ wá wẹ̀.

Kò sí àní-àní pé inú rere ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe é. Wọ́n rò pé ìrọ̀rùn ni àwọn ń fún àlejò. Ẹlòmíràn wà tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ ni ó fẹ́ fi han òyìnbó. Bí ó ti wù kí ó rí, ọ̀kan náà ni àbájáde méjèèjì. Ẹni tí ó náwó wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí Yorùbá ń gbé àárín wa, ebi Yorùbá sì ń pa á.

Àwọn kan yóò ní kò sí ohun tí ó ń kánjú, pé bí ó bá pẹ́ díẹ̀ yóò máa gbọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ẹ wo àwọn ọ̀rẹ́ yín yíká. Èdè tí ènìyàn méjì bá fi mọ ara wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ títí. Bí a bá ti bá ẹnì kan sọ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù kan, ọjọ́ tí a bá fẹ́ yí i padà sí Yorùbá, ó máa ń dà bí eré ni. Lẹ́yìn gbólóhùn mẹ́ta, a ó padà síbi tí ó ti mọ́ wa lára. Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́. Inú rẹ̀ ni àlejò ti ń ní ọ̀rẹ́, èdè tí ó bá sì fi ní wọn ni yóò bá lọ.

Ohun kejì tí ó ń lé Yorùbá padà sí ọ̀fun àlejò ni ẹ̀rín wa. Ta ni kò mọ̀ pé ohùn ni ó ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀? Bí omidan kan láti Amẹ́ríkà bá dúró ní ibùdókọ̀ Mọ́kọ́lá tí ó ní òun ń wá ọkọ tí yóò gbé òun dé Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà pa ni lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ibùdókọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín tí kò sì sí ẹnì kan tí ó sọ fún un pé "ọkọ̀" ni kí ó wí, kí ni ó rí kọ́? Ohun tí ó kọ́ ni pé kí òun máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ wa náà máa ń ṣi ọ̀rọ̀ pè nígbà tí ó bá ń kọ́ ọ̀rọ̀ í sọ. A máa ń rẹ́rìn-ín, a sì máa ń tún un pè fún un títí yóò fi gbà á. Oore yẹn náà ni àlejò ń tọrọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó jẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú wọn tún wá lé kenkà. Àwọn baba ńlá wọn ni a kó lẹ́rú lọ. Ẹlòmíràn nínú wọn wá pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ilé ni òun ń bọ̀, kí ó tó débí ni àwọn ọmọdé ti ń pe òun náà ní òyìnbó. Kò sí oògùn tí ó dára fún ọgbẹ́ yìí ju pé kí a fi Yorùbá kí i káàbọ̀, kí a fún un ní orúkọ, kí a sì máa pè é ní orúkọ náà.

Kì í ṣe pé àwa kò mọ ohun tí ojú àjèjì ń rí. Ní ọdún 1922, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ kọ́ nípa òfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ kì í fẹ́ gba ènìyàn dúdú sí yàrá. Ní 1925, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WASU. Láti 1929 títí di 1932 ni ó fi rin ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà káàkiri tí ó ń wá owó, ní 1933 ni wọ́n sì ṣí ilé tiwọn sí Camden. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n bí àwa náà ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ̀ pé gbígba àjèjì sílé jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́.

Ẹ tún wo Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wá ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ifẹ̀. Láti 1974 títí di 1977, Òkukù ni ó lọ gbé, láàárín àwọn ará ìlú. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin tí ó ń ki oríkì níbẹ̀ ni ó fi kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí oríkì, tí ó jáde ní 1991. Ó di olùkọ́ ní Ifẹ̀, ó sì bá ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé. Ilé ìwé gba àlejò náà wọlé, ṣùgbọ́n àárín àwọn ará ìlú ni ó ti rí ohun tí ó wá.

Èrè tiwa náà wà níbẹ̀. Àlejò tí ó mọ ohun tí ó ń wá máa ń béèrè ìbéèrè. Yóò béèrè ìdí tí ọmọ Yorùbá fi ń wí pé, "Mo ti submit assignment mi." Yóò béèrè ìdí tí kò fi sí àmì ohùn lórí ìwé ìkéde tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí a bá ń bá a sọ Yorùbá gidi fún wákàtí kan lójúmọ́, ahọ́n tiwa náà yóò là.

Nítorí náà, mo dá àbá yìí fún ẹgbẹ́ wa. Kí a yan ọmọ ẹgbẹ́ méjì fún àlejò kọ̀ọ̀kan kí ó tó dé, kí wọ́n jẹ́ onílé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Kí wọ́n má ṣe bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Kí wọ́n mú un lọ sí ọjà Bódìjà, kí òun fúnra rẹ̀ ná ata àti èlùbọ́. Kí wọ́n mú un lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kí ó gbọ́ bí àgbà ti ń ṣàdúrà. Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí yóò bá a ríran ni a ń wí yìí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa náà, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá pàdé àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ má ṣe fi Yorùbá sílẹ̀ sínú kíláàsì.

Mo mọ̀ pé ìgbà kan wà tí Gẹ̀ẹ́sì pọn dandan. Bí ara àlejò kò bá yá, bí ọ̀rọ̀ bá kan ààbò rẹ̀ tàbí owó rẹ̀, èdè tí ó bá yé e jù ni kí a sọ. Ṣùgbọ́n ìkíni kì í ṣe àìsàn. Ríra búrẹ́dì kò ní ewu. Bí àlejò bá fi Yorùbá tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ kí ọ lọ́la, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ rọra dúró, ẹ fi Yorùbá dá a lóhùn, kí ẹ sì dúró gbọ́ èyí tí yóò sọ tẹ̀ lé e. Èkùrọ́ tí òkété ń wá nìyẹn, ọwọ́ wa ni ó wà.