Ẹ Ṣọ́ Àlàfo Ọjọ́ Díẹ̀, Kó Má Ba Làálàá Ọdún Mẹ́wàá Jẹ́

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba ló mọ ọjọ́ tí wọ́n wọ̀lú, wọ́n sì ti ka ọdún tó kù kí wọ́n tó gba páálí ìgbé títí láé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní indefinite. Ọjọ́ tí físà tó wà lọ́wọ́ wọn yóò parí ni wọn kì í ṣọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀. Iye ọdún nìkan kọ́ ni Home Office ń kà. Wọ́n ń wò ó bóyá àṣẹ ìgbélùú wà lọ́wọ́ èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìjá.

Ẹni tó wà lórí físà Skilled Worker ti ń lo ọdún 5 kó tó béèrè. Ọ̀nà mìíràn ni ti ọdún 10, níbi tí èèyàn ti lè ka ọdún tó fi kàwé mọ́ èyí tó fi ṣiṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ sọ ọdún 5 di 10 fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí ọ̀nà bá ṣe ń gùn sí i ni iye ìgbà tí a ó tún físà ṣe ń pọ̀ sí i, ìgbà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ewu tirẹ̀.

Òfin ò fi ẹni tó tètè gbéra sílẹ̀. Abala 3C nínú òfin ìwọ̀lú ọdún 1971 sọ pé ẹni tó bá fi ìbéèrè tuntun ránṣẹ́ kí físà rẹ̀ tó parí, àṣẹ àtijọ́ ni yóò máa lò títí èsì yóò fi jáde, ì báà pẹ́ títí. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ kọjá kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, wọ́n máa ń fojú fo ọjọ́ 28. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2016, ó ti di ọjọ́ 14, ìdí tó lágbára sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí àìsàn tó dá èèyàn dùbúlẹ̀ sí ọsibítù. “Mo gbàgbé” kì í ṣe àwíjàre.

Kódà, àlàfo tí wọ́n bá fojú fò, wọn lè má kà á mọ́ iye ọdún èèyàn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ arákùnrin kan tí ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba lọ́dún 2023. Ó fi ìbéèrè ránṣẹ́ kí físà rẹ̀ tó parí, àmọ́ ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gba owó lọ́wọ́ òun. Wọ́n kọ̀, wọ́n dá ọjọ́ fún un pé kó wá san án, kò san án, wọ́n sì da ìwé náà nù. Ó tún fi òmíràn ránṣẹ́ kíá, wọ́n fún un ní físà, ṣùgbọ́n àlàfo ti wọlé. Nígbà tó béèrè fún indefinite, àwọn adájọ́ ní a lè fojú fo àlàfo náà, àmọ́ a kò ní ka àwọn ọjọ́ yẹn mọ́ ọdún mẹ́wàá. Ìbéèrè tí a kò sanwó rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè.

Èyí tó sábà máa ń mú àwa Yorùbá ni ti ìrìn-àjò. Ìpè á wọlé lóru pé bàbá ti kú, àkọ́bí ò sì gbọdọ̀ má sí níbi ìsìnkú. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó dé Ìbàdàn, ó sin òkú tán, ó fẹ́ padà. Bí ìbéèrè rẹ̀ bá ṣì wà níwájú Home Office nígbà tó wọ bàálù, jíjáde yẹn nìkan ti fagi lé e, àṣẹ 3C náà sì ti pin. Ẹ sọ fún ẹbí kí òkú ṣì wà ní mọ́ṣúárì títí èsì yóò fi dé. Mùsùlùmí tí wọ́n ti sin tirẹ̀ lọ́jọ́ náà lè dúró de fìdáù ọlọ́jọ́ ogójì. Kò sí ẹbí tó fẹ́ràn ọmọ tí yóò ní kó fi páálí rẹ̀ sin bàbá.

Ẹni tí físà rẹ̀ ṣì wà láàyè náà, kó má lò ju ọjọ́ 180 lọ lẹ́yìn odi láàárín oṣù méjìlá èyíkéyìí.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà lè fa àlàfo. Bí ilé ìtọ́jú arúgbó tó gbà yín síṣẹ́ bá pàdánù láísẹ́ǹsì tó fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun, tàbí tí ẹ bá fiṣẹ́ sílẹ̀, Home Office sábà máa ń gé físà kù sí ọjọ́ 60. Lórí íméèlì ni lẹ́tà náà sì máa ń gbà wá. Ẹni tó ti pa íméèlì àtijọ́ tì kò ní mọ̀ pé ọjọ́ ti ń lọ.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìparí. Ẹ sanwó, ẹ tẹ̀ka, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ jáde àti ọjọ́ tí ẹ wọlé sílẹ̀. Bí àlàfo bá ti wà, ẹ má purọ́ bò ó, torí irọ́ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn fún ọdún 10. Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ “bọ̀ọ̀dá tó mọ̀ ọ́n ṣe” ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́yà tó dáńtọ́, tàbí ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Immigration Advice Authority, tí wọ́n ń pè ní OISC títí di oṣù Kìíní ọdún 2025, ni òfin gbà láyè.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí àkáǹtì UKVI yín. Ẹ wò ó bóyá íméèlì àti nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ èyí tí ẹ ń lò. Ẹ kọ ọjọ́ tí àṣẹ yín máa parí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún ẹnì kan nínú ilé tí yóò rán yín létí.