Gbàǹjo Ayédèrú: Ta Ni Ẹlẹ́rìí?

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, gbàǹjo kì í ṣe èèwọ̀ nínú Islām. Irọ́ tí a ń pa nínú rẹ̀ ni èèwọ̀.

Ní ọdún 1997, àwọn ọlọ́pàá FBI bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní San Diego, ní Amẹ́ríkà. Àṣírí tú pé àwọn ọ̀daràn ń fi ọwọ́ ara wọn kọ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ sára ọjà, wọ́n sì ń tà á bí ojúlówó. Kódà, a rí bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n kọ orúkọ Mother Teresa sí! Ìwé ẹ̀rí sì ń bá ọjà wọn rìn.

Kí ni irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ já mọ́, nígbà tí ẹni tí ń jèrè jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀? Àwọn onímọ̀ wa kò gba hádíìsì láìbéèrè pé: ta ni o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Ẹ béèrè bákan náà lórí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ní Muhammad Ali buwọ́ lù: ta ni ó ṣojú rẹ̀? Ọwọ́ ta ni ó ti kọjá? Bí òǹtajà kò bá lè dáhùn, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Àwọn kan ní inú ẹni tí ó rà á kúkú dùn. Inú dídùn kò sọ owó ẹ̀tàn di halāl. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọ̀là Ọlọ́hun máa bá a) kọ̀ fún wa láti máa fi owó kún iye ọjà tí a kò fẹ́ rà, kí a lè tan ẹlòmíràn jẹ. Mélòó mélòó wá ni kí ọjà gan-an jẹ́ irọ́!

Amánà ni owó wa. A ó jíhìn bí a ti rí i àti ohun tí a ná an sí. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa. Àmín.