Ilẹ̀ Tí Ẹ Ń Rà Létí Òkun

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní Woolwich, ẹ̀yin ti Thamesmead, ẹ fìdí jókòó kí a sọ̀rọ̀. Mo ti bá àwọn tó ṣáájú yín sọ ọ́ rí. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ní ẹ̀rù àgbà ti pọ̀ jù. Ó ti rẹ̀ mí díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè wà lọ́jà kí n máa wo orí ọmọ tuntun tó wọ́. Owó tí ẹ fi iṣẹ́ òru wá ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ fi ń ra pulọ́ọ̀tì létí òkun nílé, òun ni mo ń wò tí àyà mi ń já.

Ṣé ẹ tilẹ̀ mọ ibi tí ẹ ń gbé? Àbàtà ni Thamesmead tẹ́lẹ̀. Ní 1953, omi òkun ya wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóru, ó pa ju 300 ènìyàn lọ. Nígbà tí wọ́n wá ń kọ́ Thamesmead ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọn kò gbàgbé: wọ́n gbé yàrá sókè, wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún mọ́tò, wọ́n sì gbẹ́ adágún kí omi òjò lè ríbi wọ̀ sí. Southmere tí ẹ ń rìn yí ká lọ́jọ́ ìsinmi, ilé omi ni. Ní 1984, Ọbabìnrin ṣí ìdènà odò Thames nítòsí Woolwich, tí wọ́n ń gbé dìde nígbà tí òkun bá fẹ́ wọlé. Wọ́n wá àyè fún omi kí wọ́n tó wá àyè fún ènìyàn.

Àwa ńkọ́? Ní Lẹ́kí àti Àjá, àbàtà tó ń gba omi òjò là ń da yanrìn dí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì lásán ni yóò wó o. Èyí tí ẹ fi pọ́ùn kọ́ sójú ọ̀nà omi kò yàtọ̀.

Àìsàn etíkun Èkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1908 ni wọ́n ti ń to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu èbúté, kí ọkọ̀ lè rọ́nà wọlé. Yanrìn tí ìgbì ń tì lọ sí ìlà-oòrùn dúró lẹ́yìn òkúta, etíkun Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn òkúta náà kò rí tirẹ̀ gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Tógò lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Lomé: òkun yíjú sí ìlú Aného tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Lónìí tí odi òkúta ti yí Eko Atlantic ká, ìlú tuntun tí wọ́n fi yanrìn kọ́ sí Bar Beach, ẹkún ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Okun Alfa tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti òkun kúrò lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ilé aládùúgbò ló ń tì í sí.

Ẹ sì wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun. Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé òpópónà. NDDC, àjọ ìjọba fún ìdàgbàsókè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ odi fún agbaṣẹ́ṣe, odi kò dìde.

Ti omi mímu tilẹ̀ bà mí lẹ́rù ju ti ilé lọ. Lábẹ́ ilẹ̀ etíkun, orí omi iyọ̀ ni omi dídùn léfòó sí. Bí ojúlé kọ̀ọ̀kan bá gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tirẹ̀, tó ń fà á tọ̀sán tòru, omi dídùn á tán lókè, iyọ̀ á gòkè wá. Kànga tó bá sì ti mu iyọ̀ kì í tètè padà dùn. Ìdí nìyí tí ẹni tí omi yí ilé rẹ̀ ká fi ń ra omi mu, tó ń gbé garawa sábẹ́ òrùlé de òjò.

N kò ní kí ẹ má kọ́lé sílé o. Ṣùgbọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ bi ẹni tó ń ta ilẹ̀ pé kí ló wà níbẹ̀ kí yanrìn tó dé, níbo ni òjò ń ṣàn gbà, báwo ni omi kànga àdúgbò ṣe rí lẹ́nu. Bó bá ń fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ di owó yín mú. Ìdènà Thames tó lágbára tó yẹn, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ ti ń gbèrò ohun tí wọn yóò ṣe tó bá di nǹkan bí 2070. Nítorí náà, ẹ̀yin náà, ẹ má dúró di ọ̀la: ní ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú yín, kí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí tó wọlé, ẹ kọ́kọ́ mú ti Ayétòrò wá: ẹ kọ̀wé sí ìjọba Oǹdó, ẹ kọ sí NDDC, ẹ béèrè iye owó tó ti jáde, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi odi náà hàn yín.