Pòròpórò Ni Ká Mú, Kì í Ṣe Èèsún

Wọ́n ti fẹ̀sùn kan koríko etí àkùrọ̀ láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pé inú rẹ̀ ni ìdin tó ń gbẹ́ igi ìrèké ń sá sí, nítorí náà kí a dáná sun ún. A ti yẹ ẹjọ́ náà wò. A ò fara mọ́ iná.

Àfòpiná méjì ni ọ̀daràn gan-an: Eldana saccharina àti Sesamia calamistis. Wọ́n ń jẹ ìrèké, wọ́n ń jẹ àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrẹsì. Ọdún 1865 ni wọ́n fún Eldana lórúkọ, láti ara ìrèké Sierra Leone, ṣùgbọ́n kí ìrèké tó dé ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ń gbé inú àwọn koríko ojú omi tí igi wọn ní igun mẹ́ta. Ọwọ́ koríko kò mọ́ tán, a gbà. Èèsún tó wà nínú koríko náà yàtọ̀ ní tirẹ̀. Àfòpiná ń yé ẹyin sí i, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìdin tó bá wọ igi rẹ̀ kì í yè é. Ní Kẹ́ńyà, ICIPE, iléeṣẹ́ ìwádìí kòkòrò, ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti gbìn ín yí oko àgbàdo ká nítorí èyí gan-an. Ẹni tó bá sun èèsún, pańpẹ́ ara rẹ̀ ló sun.

Àgbàdo àrọ̀kúrò ló yẹ ká bi léèrè. Òun ni ìdin máa ń pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti àkọ́rọ̀ lọ. Bí a bá ká a tán tí a fi pòròpórò sílẹ̀ lóòró, Eldana wà níbẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì mú, kí ló kù tó tutù fún un bí kò ṣe ìrèké inú àkùrọ̀? Oògùn apakòkòrò tí à ń fín sórí ewé kì í bá ìdin tó ti wọnú igi.

Ìdájọ́ wa nìyí: kí á gé pòròpórò ní kété tí a bá kórè, kí ewúrẹ́ àti màlúù jẹ ẹ́, tàbí kí á rì í mọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbin àgbàdo àrọ̀kúrò ti ìrèké. Igi ìrèké tó níhò, ẹ má fi ṣe irúgbìn. Ìrèké tó gbó, ẹ gé e. Nítorí Eldana ni àwọn àgbẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ṣe ń tètè gé tiwọn. Ní ti yunifásítì LAUTECH àti OYSADA, àjọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ yìí tọ àgbẹ̀ lọ lóko, ní èdè Yorùbá, kí oṣù kẹjọ tó dé, nígbà tí àgbẹ̀ ṣì lè yan ibi tí yóò gbin àgbàdo sí.