Áàpù tí ẹ fẹ́ rà fún kílíníìkì yín: ẹ béèrè ọ̀nà àbájáde kẹ́ ẹ tó wọlé

1/
Ẹ̀yin tèmi, mo mọ̀ pé torí fídíò ẹ̀fẹ̀ lẹ ṣe ń tẹ̀lé mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ áàpù kílíníìkì ni mo gbé wá. Ẹ má tíì kọjá o. Bẹ́ ẹ bá ní ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń lọ ṣe físíò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

2/
Àǹtí mi ń ta ẹja ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì ò gbé mọ́. A gbé e lọ sí kílíníìkì físíò kan. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi bá a na ọwọ́ yẹn, títí tó fi di ife omi mú fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé hó yèè.

3/
Lóṣù karùn-ún, onífísíò tó mọ̀ ọ́n kúrò níbẹ̀. Ẹni tuntun dé, ó ṣí kọ̀ǹpútà, kò rí nǹkan kan. Owó tí wọ́n ń san lórí áàpù lóṣooṣù ti wọ́n jù, wọn ò rí i san mọ́, áàpù sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ló bá ní, "Mà, ẹ gbé ọwọ́ yín sókè kí n wò ó." Láti ìbẹ̀rẹ̀! Àǹtí mi yíjú sí mi: "Ṣé gbogbo wíwá tí mo ti ń wá yìí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kan ni?"

4/
Wọ́n kọ ọ́ o. Ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n kọ ọ́, wọn ò kàn lè rí i kà ni.

5/
Lọ́dún yìí, ọ̀gá kílíníìkì kan tí mò ń bá ṣe fídíò ní Apapa pè mí: "Ìwọ tó o mọ nǹkan kọ̀ǹpútà, wá bá wa yan áàpù tá a máa fi kọ ìwé àwọn aláìsàn wa." Èmi ò kọ́ṣẹ́ físíò o. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì wọ́n, mo sì wo àwọn áàpù tí wọ́n gbé wá. Èrò tèmi rèé: ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé, "Bá a bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín lọ́la, ṣé a lè kó ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn wa dání?" Iye owó àti àwọ̀ tó dán lè tẹ̀ lé e.

6/
Kí ni onífísíò tiẹ̀ ń kọ? Ó ń kọ ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí òun fúnra ẹ̀ rí, ohun tó rò pé ó fà á, àti ohun tí wọ́n máa ṣe tẹ̀ lé e. Ó ń fi 0 sí 10 díwọ̀n ìrora, ó ń fi 0 sí 5 díwọ̀n agbára iṣan. Ó tún ń wọn iye digíríì tí orúnkún lè ká dé.

7/
Púpọ̀ nínú áàpù tí wọ́n gbé wá, ilé ìwòsàn gbogboogbò ni wọ́n ṣe é fún. Àyè ibà wà, àyè oògùn wà, àyè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà. Àyè digíríì orúnkún ńkọ́? Wọ́n ní ká máa kọ ọ́ sínú àpótí "remarks". Ẹ gbà mí! Bó bá wà láàárín ọ̀rọ̀ jágbajàgba, ta ló máa tètè rí i pé orúnkún tó ń ká dé 60 lóṣù tó kọjá ti dé 95 báyìí?

8/
Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún físíò wà lókè òkun, bíi WebPT ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gba owó lọ́wọ́ adójútòfò wọn lọ́hùn-ún wà lára iṣẹ́ pàtàkì tí wọ́n ṣe é fún. L'Ájégúnlẹ̀ níbí, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń san owó ìtọ́jú. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ.

9/
Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn. Àárù tó fi ẹ̀yìn gbẹ́rù ní ẹbúté Apapa lè sọ pé "ó ń ro mí". Ẹlòmíì á ní "ó ń ta mí". Ẹlòmíì á ní "ẹsẹ̀ mi ti kú". Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn fún onífísíò. Bí áàpù bá fún un ní "pain: yes/no" nìkan, ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláìsàn nìyẹn.

10/
Ọ̀rọ̀ iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́? Ẹ rántí March 14, 2024, nígbà tí àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já ní apá Côte d'Ivoire. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, kódà báǹkì ò rójú. Áàpù tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ti ń ṣí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

11/
Kò tiẹ̀ dìgbà tí wáyà já. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní Tolu ò lè máa gun kẹ̀kẹ́ láàárín tírélà wá sí Apapa lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Onífísíò ló ń lọ bá a nílé. Ó yẹ kó lè kọ ọ́ sórí fóònù láìsí dátà, kó wá wọlé sí àpapọ̀ nígbà tó bá padà dé kílíníìkì.

12/
Ká wá sórí owó. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan ò ju nǹkan bí ₦460 lọ lójú ìjọba. Nígbà tó fi máa di February 2024, ó ti lé ní ₦1,500. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: áàpù $30 lóṣù ti kúrò ní nǹkan bí ₦14,000, ó di ₦45,000. Aláìsàn yín ò sì lè san ìlọ́po mẹ́ta. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ àǹtí mi nìyẹn.

13/
Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa sọ: "Ṣebí ìwé pẹlẹbẹ la ti ń lò tipẹ́?" Òótọ́ ni, mi ò bá yín jà. Ìwé ò bèèrè iná, kò bèèrè dọ́là. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òjò Ajégúnlẹ̀. Omi tó bá wọ yàrá fáìlì kì í bèèrè orúkọ.

14/
Àwọn tó ń fi WhatsApp ṣe é ńkọ́? Fọ́tò ẹ̀yìn ìhòhò aláìsàn lórí fóònù òṣìṣẹ́ tó lè fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la? Ẹ dákun o. Òfin ìlera ti 2014 ní kí ilé ìtọ́jú tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn, kó sì pa àṣírí ẹ̀ mọ́. Òfin ààbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà ẹlẹgẹ́, ó sì fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀. Bí áàpù yín ò bá lè mú ẹ̀dà jáde, kí lẹ máa sọ fún un?

15/
Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. OpenMRS wà, láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n sì ń lò ó fún ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ máa nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n tò, tó sì máa ń tún un ṣe. Helium Health náà wà, Èkó ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 2016. Mi ò polówó ẹnikẹ́ni o. Ìbéèrè kan náà ni kẹ́ ẹ bi gbogbo wọn.

16/
Ohun tá a ṣe rèé. A dá orúkọ aláìsàn kan sílẹ̀ lásán, a kọ ìbẹ̀wò márùn-ún sábẹ́ ẹ̀ nínú áàpù kọ̀ọ̀kan. A wá ní kí àwọn tó ń tà á kó gbogbo ẹ̀ jáde lójú wa. Ẹnì kan ní "ìyẹn ṣì ń bọ̀". Ẹnì kan mú àwòrán ojú ìwé jáde, kò ṣeé ṣírò. Ẹnì kan mú Excel jáde, déètì pé, digíríì pé. Òun la rà. Àwọ̀ ẹ̀ ò dáa rárá, ẹ má bi mí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, a máa ń kó ẹ̀dà pamọ́, a sì ń fi ọ̀rọ̀ ìwọlé tì í pa.

17/
Àǹtí mi ti tún ń di ife mú báyìí. Ó ti ra ìwé eléwé ogójì, ó ní kí onífísíò yòówù tó bá fọwọ́ kan òun máa kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní òun ò gba áàpù kankan gbọ́ mọ́. Mi ò lè bá a jiyàn.

18/
Bẹ́ ẹ bá mọ ẹni tó ní kílíníìkì, ẹ fi ṣọwọ́ sí i. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń gbé ìyá yín lọ, ẹ béèrè ẹ̀dà ìwé ẹ̀ kó tó di pé ẹ nílò ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni.